Páálí Ọkọ̀ Ogun Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì ní Ìnísà

Bí mo bá sọ fún èèyàn pé táńkì ni mò ń tà, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé lítà mélòó. N kì í bínú. Táńkì omi ló pọ̀ ní Ìkìrun, kò sí ti ogun níbẹ̀. Ohun tí mò ń rà, tí mò ń tà, tí mo sì máa ń bá àwọn èèyàn yẹ̀ wò ni ọkọ̀ ogun kékeré oníke, irú èyí tí wọ́n máa ń kó sínú páálí ní wẹ́wẹ́, tí ẹni tó bá rà á yóò fi gọ́ọ̀mù tò pọ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà ló ń rà wọ́n, pàápàá èyí tó ti pẹ́. Àdúgbò sọ mí ní Ìyá Ológun, orúkọ náà sì ti mọ́ mi lára.

Ohun ìṣeré tókúnbọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo tú àpò ẹrù, mo bá páálí ọkọ̀ ogun kan nínú rẹ̀. Eruku ti bò ó, mo sì ní kí n tún un ṣe kó lè tà. Mo po ọṣẹ mọ́ omi gbígbóná, mo fọ gbogbo ike náà, mo sá a sórí páànù lọ́sàn-án gangan. Kí n tó kírun Alásárì tán, ó ti ká kò bíi pọ̀nmọ́ tí iná rà.

Ibẹ̀ ni Tíṣà bá mi. Ará Òkúkù ni wọ́n, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ẹ̀rọ. Wọ́n wá ra nǹkan fún ọmọ-ọmọ wọn ni. Wọ́n mú ọkọ̀ tó ká náà dání, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ní kí ló ṣe é.

“Mo fọ̀ ọ́ ni, sà.”

“O fọ̀ ọ́ lóòótọ́. Owó rẹ̀ náà sì bá omi ọṣẹ lọ.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wá ibi jókòó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n wá sí Òkúkù ní Sátidé, kí n má baà tún fọ òmíràn.

Nínú ilé tí Tíṣà ń dá gbé látìgbà tí ìyàwó wọn ti kú, odidi yàrá kan ló kún fún páálí. Wọ́n gbé méjì síwájú mi, wọ́n ní kí n mú èyí tó níye lórí jù. Mo mú èyí tí àwòrán rẹ̀ ń dán. Mo tún fi ọdún tí wọ́n fín sábẹ́ ike rẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀, pé ó ti pẹ́ gan-an. Tíṣà mi orí. Wọ́n ní ọdún tí wọ́n gbẹ́ irin tí wọ́n ń da ike sí ni wọ́n fín sábẹ́ ọkọ̀, kì í ṣe ọdún tí wọ́n da ike náà. Wọ́n ní búrẹ́dì àárọ̀ yìí lè jáde látinú páànù tí ìyá-ìyá mi lò. Wọ́n fi ìka mi pa etí ike náà, mo sì rí i pé ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yọ níbẹ̀, bí mọ́ínmọ́ín ṣe máa ń yọ létí ewé. Irin tó ti gbó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe ń lọ ní Sátidé dé Sátidé. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìwé ìtọ́sọ́nà ka férémù, ìyẹn igi ike tí ẹ̀yà ọkọ̀ rọ̀ mọ́. Mo kọ́ láti wo àwọn àmì kéékèèké tí wọ́n ń rì sómi kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀: tó bá ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, fífọ́ ni yóò fọ́ sómi. Mo kọ́ láti wo ṣéènì ẹsẹ̀ rẹ̀, irú èyí tí katapílà ń fi rìn. Rọ́bà ṣéènì àtijọ́ máa ń jẹ ike tó bá fara kàn. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ọ̀pọ̀ èyí tó ti pẹ́ kò níye lórí rárá. Èyí tí wọn ò dà mọ́, tí ẹnì kan sì ń wá, òun ni ọjà.

Oníbàárà mi àkọ́kọ́ ni Ẹnjiníà, ọmọ Ìkìrun tó ń gbé Èkó. Férémù ni mo kà fún un, n kò ka ohun tó rọ̀ mọ́ wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó fi fọ́tò ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí mi, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀. Táyà kan ò sí níbẹ̀. Mo wá òmíràn fún un, mo tọrọ àforíjì, kò sì fi mí sílẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá ni Màmá Rẹ̀mí ránṣẹ́ pè mí ní Ìnísà. Ìyá ìjọ Aládùúrà ni wọ́n, opó ni wọ́n. Ọkọ wọn, tó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, fi páálí mẹ́wàá sílẹ̀ lórí àjà. Àwọn ọmọ fẹ́ tún òrùlé ṣe, wọ́n ní kí wọ́n dáná sun wọ́n. Màmá kọ̀ jálẹ̀, nítorí ọkọ wọn ti sọ pé ìṣúra ni páálí pupa ńlá tó wà nínú wọn.

Páálí pupa náà ni mo kọ́kọ́ ṣí. Ooru abẹ́ páànù ti ká ara ọkọ̀ náà kò, ṣéènì ti yọ́ wọ inú táyà, àwọn àmì rẹ̀ ti pọ́n bí omi ewé. Mo wò ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí mo ń wá bí màá ṣe sọ ọ́. Nígbà tó yá, mo sọ ọ́ bó ṣe rí.

“Ṣé irọ́ ni ọkọ mi pa fún mi ni?”

“Rárá, Mà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àjà ló bà á jẹ́.”

Mo yẹ mẹ́sàn-án yòókù wò, mo rí mẹ́rin tó ṣì dára. Mo ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí Màmá rántí pé òmíràn wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tí wọ́n ń kó sùtánà wọn sí. Kò ní ìdérí. Wọ́n kó aṣọ funfun kúrò lórí rẹ̀, mo sì rí náílọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí rí, pẹ̀lú ìwé ìtọ́sọ́nà tó mọ́ bí ìwé tuntun. Mo ka orúkọ ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Tíṣà ti kọ́ mi pé irin tí wọ́n fi da irú rẹ̀ ti sọnù tipẹ́.

Mo fi fídíò orí fóònù pe Tíṣà. Mo gbé páálí náà síwájú kámẹ́rà. Wọ́n ní kí n gbé e súnmọ́ sí i.

“Mo rí i nínú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù kan nígbà tí mo ń kàwé lókè òkun,” ni wọ́n wí. “Oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta ni owó rẹ̀. Mo jẹun.”

Wọ́n wá kìlọ̀ fún mi pé kí n má sọ ìyẹn fún Màmá o, kí n tà á fún ẹni tí yóò san jù, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo mọ ẹni náà. Ẹnjiníà ti ń bi mí léèrè rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, èrè tèmi níbẹ̀ kò sì ní kéré. Ṣùgbọ́n Màmá ló ni páálí, etí wọn sì ti gbọ́ gbogbo ohun tí Tíṣà sọ lórí fóònù. Mo sọ ti Ẹnjiníà fún wọn, wọ́n sì bi mí ohun tí yóò fi í ṣe. Mo ní yóò gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, kò ní ṣí i láé, nítorí àìṣí rẹ̀ ni iye rẹ̀. Tíṣà ńkọ́? Mo ní Tíṣà yóò tò ó.

“Ọkọ mi ní tóun bá fẹ̀yìntì, òun á tò wọ́n,” ni Màmá sọ. “Ó fẹ̀yìntì, ó ń kó wọn sókè, ó ń kó wọn sílẹ̀, kò to ẹyọ kan. Mo fẹ́ rí bí nǹkan yìí ṣe máa ń rí. Kí Tíṣà san èyí tí agbára rẹ̀ bá ká, ṣùgbọ́n pálọ̀ mi níbí ni yóò ti tò ó.”

Mo pe Ẹnjiníà, mo sọ òótọ́ fún un. Kò gbé fóònù mi fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta ó ní kí n kó mẹ́rin tó dára yẹn wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Tíṣà dé Ìnísà, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, ọ̀bẹ kékeré àti awò ojú méjì. Wọ́n gbé náílọ̀n náà sórí itan, wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé etí rẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ bó ṣe ń ya, mo sì ń ṣírò ohun tó ń bọ́ kúrò nínú iye rẹ̀ lọ́kàn mi, torí ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Màmá ní tiwọn ti sún àga mọ́ tábìlì, wọ́n ń bi Tíṣà èwo ni ẹsẹ̀, èwo ni orí.

Ìṣẹ́gun márùn-ún ni wọ́n fi tò ó, tí wọ́n sì fi kùn ún. Ó jókòó sórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán Màmá báyìí, ó wuyì. Tíṣà ní àyè ò sí fún un ní Òkúkù, pé kó ṣì wà níbẹ̀ ná. Oṣù mẹ́jọ nìyẹn, wọn ò tíì rí àyè, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n sì ń wọkọ̀ lọ sí Ìnísà láti lọ nu eruku ara rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, oníbàárà kan rí fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù mi, ó ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Mo sọ fún un pé wọ́n ti ṣí i, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, wọ́n ti kùn ún, kò níye lórí mọ́ lọ́jà. Òótọ́ sì ni. Ó ní òun ṣì fẹ́ rà á, pé kí n fi àdírẹ́sì ibi tó wà ránṣẹ́. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n.