Nọ́ọ̀sì Tí Kì Í Kí Ènìyàn

Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́: mi ò fẹ́ràn obìnrin yẹn rárá nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì rẹ̀. Èmi tí mo lè kí ènìyàn títí tí onítọ̀hún á fi máa wo aago ọwọ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n wá gbé mi lọ láti ibi ìforúkọsílẹ̀. Mo wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo tẹrí ba, mo ní, "Ẹ kú àárọ̀ mà, ẹ kú iṣẹ́, ṣé ẹ jí dáadáa?" Kò gbójú sókè. Ó ní, "Àga wà níbẹ̀ yẹn. Mú bírò."

Mú bírò! Inú bí mi débi pé bírò yẹn gan-an ni mo fi kọ orúkọ ìnagijẹ sí ẹ̀yìn ìwé mi fún un: Aláìkíni. Mo rò pé èmi ni mo dá a sílẹ̀, àṣé gbogbo ilé ìwòsàn ti ń pè é bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Lójú rẹ̀ ṣá, Ẹ̀gbọ́n la máa ń pè é. Ẹ má sì bínú pé mò ń pè é ní "ó". Bí mo bá ń "wọ́n" i kiri, ìtàn náà á dàrú mọ́ wa lọ́wọ́.

Iṣẹ́ tí à ń ṣe nínú yàrá kóńkó yẹn kò ṣòro láti ṣàlàyé. Àwọn ọmọdé kan wà tí ọkàn wọn kì í lù bó ṣe yẹ. Á máa lù díẹ̀díẹ̀, á tún dákẹ́ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó ń ṣe. Àwọn dókítà á wá fi ẹ̀rọ kékeré kan, tí kò ju ìdérí ìgò lọ, sí abẹ́ awọ ara ọmọ náà, wọ́n á fi wáyà tín-ín-rín so ó mọ́ ọkàn, ẹ̀rọ yẹn á sì máa rán ọkàn létí kó lù. Bí ọmọ bá ń lọ sílé, a ó fún ìyá rẹ̀ ní àpótí funfun kan tí yóò máa wà nítòsí ibi tí ọmọ ń sùn sí. Lálaalẹ́, àpótí á gba ìròyìn lọ́dọ̀ ẹ̀rọ inú àyà ọmọ, á sì fi ránṣẹ́ sí wa. Tó bá di àárọ̀, gbogbo wọn á ti tò sójú kọ̀ǹpútà. Èyí tó bá ránṣẹ́, àmì rẹ̀ á ní àwọ̀ ewé. Èyí tí kò bá ránṣẹ́, á pupa. Iṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n ni kó pe gbogbo ilé tó bá pupa.

Bó sì ṣe ń pè wọ́n nìyí: "Àpótí kejìdínlógún? Kí ni ọmọ jẹ láàárọ̀ yìí? Ó jẹ ẹ́ tán? Ètè rẹ̀ ńkọ́, àwọ̀ wo ló ní? Mi ò ní kí ẹ rò ó o, ẹ lọ wò ó. Ó gun àtẹ̀gùn lánàá? Ó dúró sinmi lójú ọ̀nà?" Kò sí ẹ kú àárọ̀. Kò sí ilé ńkọ́. Bí ẹni tó gbé fóònù bá sì bẹ̀rẹ̀ pé, "Ẹ ǹlẹ́ o, Nọ́ọ̀sì, a dúpẹ́ o, gbogbo wa wà ní àlàáfíà," Ẹ̀gbọ́n á já a lẹ́nu: "Mi ò béèrè ìyẹn. Ètè ọmọ ni mo béèrè."

Èmi tí mo jókòó tì í ni ojú máa ń tì. Bàbá àgbà kan bínú lọ́jọ́ kan, ó ní òun ti bí irú rẹ̀ lọ́mọ. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ kú orí ire, bàbá. Ọmọ-ọmọ yín ńkọ́, ṣé kì í mí gúlegúle?" Mo fi ìwé bo ojú mi.

Ká sòótọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni pípupa yẹn kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ẹnìkan ti yọ àpótí kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kó lè gba iná sí fóònù. Ẹlòmíì gbé e sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé. Ìyá àgbà kan tiẹ̀ wà tó fi aṣọ òtútù wé tirẹ̀ gbirigbiri, ó ní ibi tí wọ́n gbé e sí tutù jù fún un. Èmi rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín, ó ń béèrè ètè.

Àmọ́ nǹkan kan wà tí kò yé mi. Àpótí kọkànlélọ́gbọ̀n máa ń pupa lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá, Ẹ̀gbọ́n kì í sì í pè é. Mo gbé fóònù lọ́jọ́ kan kí n bá a pè é, ó gbá mi lọ́wọ́ páá. Èmi, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta! Ó ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀." Mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi ṣíwọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rò pé ó mọ̀.

Ọjọ́ Ajé kan ni ọ̀gá ẹ̀ka wa wá bá wa. Ọ̀rọ̀ méjì ló gbé wá. Àkọ́kọ́, bàbá kan ti kọ̀wé pé nọ́ọ̀sì tó ń pe òun kò lẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà, kí Ẹ̀gbọ́n máa kí ènìyàn kó tó béèrè ohunkóhun. Ìkejì, ọmọ jòjòló kan wà ní wọ́ọ̀dù, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ sí i lára, ojú ọgbẹ́ ti jinná, ìyá rẹ̀ ti di ẹrù wọn, ṣùgbọ́n wọn ò lè jẹ́ kí wọ́n lọ sílé láìsí àpótí. Àwọn tuntun kò ní dé títí oṣù mẹ́ta. Ọ̀gá fi ìka lu ojú kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Kọkànlélọ́gbọ̀n yìí, ọmọ tó ni ín ti kú láti ọdún mẹ́ta. Gbogbo ìgbà lẹ máa ń sọ pé ẹ máa lọ gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, kó wà níbí kó tó di ọjọ́ Ẹtì."

Nígbà tí ọ̀gá jáde, Ẹ̀gbọ́n jókòó, kò pe ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àpótí lásán ni. Mo lè lọ bá yín gbà á." Ó ní, "Ìyá rẹ̀ kò mọ̀." Mo ní, "Kí ni kò mọ̀?"

Ó wá sọ ọ́ fún mi, kò wojú mi bó ṣe ń sọ ọ́.

"Ọmọkùnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́fà. Bí mo bá pè, á já fóònù gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, á ní, 'Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ìṣọ́ mi o.' Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ti pupa fún ọjọ́ mẹ́ta. Mọ́kàndínlógún ló pupa, mo sì ń kánjú. Mo pe ìyá rẹ̀. Mo ní ẹ kú àárọ̀, ọmọ ńkọ́? Ó ní a dúpẹ́, ó wà. Mo ní ṣé iná àpótí tàn? Ó ní ó tàn. Mo ní ó dáa, ó dàbọ̀. Mo máàkì rẹ̀, mo pe ẹlòmíì. Aago mẹ́wàá nìyẹn. Nígbà tó di aago méjì, wọ́n gbé e dé. Ó ti kú."

Mo gbé bírò ọwọ́ mi kalẹ̀.

"Wáyà tó so mọ́ ọkàn rẹ̀ ló ń já lọ," ó ní. "Ọmọ ń ga, wáyà kì í ga. Wọ́n ti kó lọ sí yàrá míì nínú ilé náà, iná àpótí ń tàn, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí níbẹ̀, kò lè ránṣẹ́. Ká ní ó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré nínú ọjọ́ mẹ́ta yẹn, à bá ti rí i. Ìyá rẹ̀ dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ó ní orí itan òun ni ọmọ wà nígbà tí mo pè, tí ojú rẹ̀ ń yí. Ó ní òun fẹ́ sọ ọ́ lẹ́yìn tí a bá kíra tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní ó dáa, ọkàn òun balẹ̀. Ó ní, 'Mo rò pé ẹ ń rí wa.'"

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

"Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́."

Ẹ̀yin náà, ẹ rò ó wò. Ta ni wọ́n á kí nínú wa tí kò ní kọ́kọ́ dúpẹ́? Bí òrùlé ń jò lé wa lórí, bí eyín ń dùn wá tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wú, a dúpẹ́ la máa kọ́kọ́ sọ. Ọ̀rọ̀ gan-an ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹni tó bá sì ń kánjú kò ní dúró gbọ́ ọ. Mo ronú kan gbogbo kíkí tí mo ti kí ènìyàn láyé mi, mo sì bi ara mi léèrè mélòó nínú ìdáhùn wọn ni mo dúró gbọ́. Inú mi bàjẹ́ gan-an.

Lọ́jọ́bọ̀, a jọ lọ. Alágbàfọ̀ ni ìyá náà, yàrá kan ló ń gbé, aṣọ tí wọ́n ti ká jọ kún orí àga gbogbo. Aṣọ ló ń lọ lọ́wọ́. Nígbà tó rí Ẹ̀gbọ́n, ó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀, ó sáré gba àga méjì sílẹ̀ fún wa. "Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kú ìrìn, ẹ kú oòrùn. Háà, Nọ́ọ̀sì wa, ọjọ́ mẹ́ta! Ilé ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́?" Kíkí tó dùn mọ́ni ni. Ẹ̀gbọ́n ń mi orí.

Mo rí àpótí náà. Ó wà lórí àpótí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kékeré kan, lórí aṣọ funfun tí wọ́n ká mẹ́rin, iná rẹ̀ ń tàn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà ní yàrá yẹn, àpótí ló sì wà nínú rẹ̀. Wáyà áyọ́ọ̀nù gba ojú fèrèsé lọ sí yàrá aládùúgbò. Ìyá náà rí i pé mò ń wò ó. Ó ní, "Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé kí n yọ ọ́. Mo ní bóyá ẹ ṣì ń fi wò mí."

Ẹ̀gbọ́n sọ fún un pé àwọn wá gba àpótí, pé ọmọ jòjòló kan ń dúró dè é. Obìnrin náà tún gbé áyọ́ọ̀nù, ó ń lọ aṣọ, ó ní kò burú, kí Ọlọ́run dá ọmọ náà sí. Ó ní, "Ẹ kú ìṣọ́, mà. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn. Mo ní wọ́n sa ipá wọn, wọ́n ń rí i títí dé òpin, Ọlọ́run ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fi ń sùn nìyẹn."

Mo fi ẹsẹ̀ kan Ẹ̀gbọ́n lábẹ́ àga. Mi ò purọ́ fún yín, ohun tí mo fẹ́ ni kó gba àpótí ká máa lọ, kó fi ìyẹn sílẹ̀ fún obìnrin náà. Ẹ̀gbọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò.

"Mi ò rí yín," ó ní.

"Ẹ ní kí ni?"

"Àpótí yìí kò ránṣẹ́ sí wa fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò rí ọmọ yín. Kò sẹ́ni tó rí i. Torí pé mi ò rí i ni mo ṣe pè yín."

Obìnrin náà dúró. Áyọ́ọ̀nù ń jó aṣọ, òórùn rẹ̀ ti ń jáde, kò sẹ́ni tó gbé e. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Nígbà tí ẹ ní ó dáa. Kí ló dáa?"

"Iná àpótí ni mo bi yín. Ẹ ní ó tàn. Mo ní ó dáa."

"Iná àpótí."

"Ẹ dárí jì mí," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

Obìnrin náà lọ gbé áyọ́ọ̀nù nàró. Ojú jíjó ti wà lára aṣọ oníbàárà. Ó tẹ̀ síbi ògiri, ó yọ àpótí kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná rẹ̀ kú. Ó ká wáyà rẹ̀ jọ dáadáa, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu eruku orí rẹ̀, ó sì gbé e lé èmi lọ́wọ́. Ó wá yíjú sí Ẹ̀gbọ́n. Ó ní, "Ìyá ìkókó yẹn, ṣé ẹ ti sọ fún un pé ẹ kì í rí èèyàn?"

"Màá sọ fún un lọ́la, kó tó jáde."

Ó ṣílẹ̀kùn fún wa. Mo ń retí kó ní ó dàbọ̀, kó tiẹ̀ bú wa. Ó dúró ti ilẹ̀kùn títí a fi jáde, ó sì tì í. Èmi tí kíkí ènìyàn kì í sú, àpótí ni mo gbá mọ́ àyà.

A rìn dé ìkángun àdúgbò náà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí nǹkan?"

Ó ní, "A dúpẹ́."

A tún rìn díẹ̀, bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Mo dúró, àpótí wà láyà mi. Mo ní, "Mi ò béèrè ìyẹn. Kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?"

Ó wò mí. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Mi ò jẹ nǹkan kan. Láti ọjọ́ Ajé ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi." Ó jókòó sórí bèbè gọ́tà níbẹ̀, lójú àwọn tó ń kọjá, ó sì ń sunkún. Mo gbé àpótí kalẹ̀ sáàárín wa, mo jókòó tì í.