Ọmọ Mọ́kànlá àti Ààbọ̀

Ọdún kẹta tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ní ilé ìwé kan ní Oregbeni nìyẹn. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ni bí a ṣe ń wọn gígùn nǹkan láì lo rúlà. A ti fi àtẹ́lẹwọ́ wọn tábìlì, a ti fi ìṣísẹ̀ wọn kíláàsì, ó wá ku ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó lọ sí ẹnu ọ́fíìsì ọ̀gá wa. Ọmọ kan ní ìṣísẹ̀ ti sú òun, ó ní ṣé a kò lè fi ara wa wọ̀n ọ́n. Mo rò ó, mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Mo ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ lórí táìlì, kí orí ọ̀kan kan ẹsẹ̀ èkejì. Ọmọ mọ́kànlá ló tò síbẹ̀, àyè díẹ̀ sì kù tí kò gba odindi ọmọ. Ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Èkìtì, òṣìṣẹ́ báǹkì, ló kàn. Bó ṣe dùbúlẹ̀, ògiri dí i lọ́wọ́. Ẹnì kejì rẹ̀ ní, “Àǹtí, bend am.” Ni a bá ká a lẹ́sẹ̀ kò. Mo kọ ọ́ sójú pátákó: ọmọ mọ́kànlá àti ààbọ̀. Inú gbogbo wa dùn, a lọ jẹun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá ọmọ náà ti dúró dè mí lẹ́nu géètì, tòun ti táì lọ́rùn. Mo ti ń múra àtitọrọ àforíjì nítorí yúnífọ́ọ̀mù tó dọ̀tí, àmọ́ kò mẹ́nu ba yúnífọ́ọ̀mù rárá.

“Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọmọ mi délé, ó ní ààbọ̀ lòun. Mo bi í títí, ààbọ̀ náà ló ń sọ. Ta ló pín in?”

Mo ṣàlàyé pé ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan la ká. Ó gbọ́ mi yé, àmọ́ ó ní odindi làwọn bí i, ìwé ọsibítù wà nílé, ìyá rẹ̀ kò sì tíì fẹnu kan oúnjẹ láti àná. Ó fẹ́ kí a tún ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà wọ̀n.

Mo kó àwọn ọmọ jáde. Ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dùbúlẹ̀, ó na gbọnrangandan. Nígbà tí a dé orí ẹnì kẹwàá, àwọn tó kù sún sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ààbọ̀. Ọ̀kan tiẹ̀ bú sẹ́kún. Bàbá yìí wo aago rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó ju táì sẹ́yìn èjìká, ó dùbúlẹ̀, ó fi orí kan ẹsẹ̀ ọmọ kẹwàá. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kan ògiri gẹ́lẹ́.

Ìgbà yẹn ni ọ̀gá wa ṣílẹ̀kùn. Ó rò pé ọkùnrin náà dákú, ó ní kí n sáré bu omi wá. Bàbá náà kò dìde. Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ ọ̀gá wa pé kó jẹ́ kí n kọ èsì sílẹ̀ ná. Mo kọ ọ́: ọmọ mẹ́wàá àti dádì kan. Ó dìde, ó gbọn ara rẹ̀, ó dúpẹ́, ó gba ibi iṣẹ́ lọ.

Mo rò pé wọ́n máa lé mi lọ. Ọ̀gá kàn ní n kò gbọdọ̀ tún fi òbí kankan wọn nǹkan láì kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí ilé wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyá ọmọ mìíràn pè mí láti Ogbe, ọmọ rẹ̀ ti sọ fún un pé dádì la fi ń wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkọ rẹ̀ rìnrìn àjò, ó sì ń béèrè bóyá àbúrò ọkọ náà lè wá dùbúlẹ̀, torí pé òun ló tiẹ̀ ga jù.