Òdòdó Sálúbàtà Mọ́kànlá

Nígbà tí wọ́n gbé mi wá sí lísè kan, iléèwé girama, ní Kútọnu láti máa kọ́ àwọn ọmọ nípa ewéko àti ẹranko, ìyàwó mi kò bá mi wá. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Kétu, ọjà sì ń tà. Àwọn ọmọ dúró tì í. Mo gba yàrá kan ní Cadjèhoun, níbi tí ọkọ̀ òfúrufú ti ń fò kọjá lórí òrùlé wa. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá se ìrẹsì, màá jẹ ẹ́ nínú ìkòkò tí mo fi sè é, màá wá jókòó ti fèrèsé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọjọ́ Àìkú míì wà tí ohùn mi á há mọ́ mi lọ́fun, torí n kò tíì lò ó láti àárọ̀.

Bàbá onílé ló ń gbé iwájú ilé. Nàgó ará Pobè ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí sì wà ní ilẹ̀ Faransé. Oṣù mẹ́ta gbáko, ẹ káàárọ̀ nìkan ló ń pa wá pọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó kan ilẹ̀kùn mi.

"Ọmọ mi, wọ́n ní ewéko lo fi ń kọ́ni. Wá bá mi wo nǹkan kan."

Ó mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Lábẹ́ àtíbàbà tó fi àwọ̀n dúdú bò, ìkòkò òdòdó mọ́kànlá tò síbẹ̀. Ọkidé ni wọ́n, irú èyí tí apá kan òdòdó rẹ̀ ká, tó sì ní ihò bí iwájú sálúbàtà. Bàbá ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn rí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ará Pérù ló kó ọ̀pọ̀ nínú wọn fún un. Òjò ti fọ orúkọ wọn nù lára pátákó kéékèèké tó wà nínú ìkòkò, ojú Bàbá fúnra rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́.

Ó ní, "Mi ò fẹ́ kí n kú kí wọ́n máa pe àwọn wọ̀nyí ní koríko. Jẹ́ ká tún wọn tò."

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan la fi ṣe é. Bàbá ń fọwọ́ kàn wọ́n wò, èmi ń kọ ọ́. Ó ní ìdílé méjì ni sálúbàtà Gúúsù Amẹ́ríkà pín sí. Àwọn kan ga bí esùsú, ewé wọn ní ìṣẹ́po púpọ̀ bí yẹ̀rì àwọn ọmọ iléèwé: Selenipedium nìyẹn, kò sì ní ẹyọ kan nínú wọn. Àwọn tó kù, tí ewé wọn ṣẹ́po lẹ́ẹ̀kan péré láàárín, ni Phragmipedium. A kó àwọn tí ewé òdòdó wọn gùn bí okùn bàtà sọ́tọ̀, a kó àwọn tí tiwọn kúrú sọ́tọ̀.

Nígbà tó kan ìkòkò kọkànlá, Bàbá ti ìka bọ ẹnu òdòdó náà, ó dúró.

"Etí rẹ̀ kò ká sínú bíi tàwọn yòókù. Fọwọ́ kàn án."

"Bóyá ó ti ń rọ ni, Bàbá."

"Gé ìdí rẹ̀ wò."

Mo fi abẹ gé ibi tí èso ti máa ń wú, lẹ́yìn òdòdó.

"Yàrá mélòó lo rí nínú rẹ̀?"

"Ọ̀kan."

"Mẹ́ta ló yẹ kó jẹ́. Ará Éṣíà nìyẹn, Paphiopedilum." Ó wá ìjókòó. "Ìyàwó mi ló rà á fún mi. Ó ní òun rí èyí tó jọ tèmi. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò rí, mo kàn kọ orúkọ sí i."

Mo bi í pé kí ni kí n kọ.

"Òótọ́ ni kí o kọ. Ṣùgbọ́n má gbé e kúrò láàárín wọn."

Kí ọdún tó parí, ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ nítorí ojú rẹ̀. Ó fi àwọn òdòdó lé mi lọ́wọ́. Omi òjò ni wọ́n fẹ́, ọyẹ́ sì ti dé. Omi ẹ̀rọ ni mo rí bù sí wọn. Ewé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jó láti ṣóńṣó. Mẹ́fà kú. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni n kò fi gbé fóònù rẹ̀, ojú ń tì mí. Níkẹyìn, mo pè é.

Kò bá mi wí. Ó ní, "Àwọn wo?"

Mo ka orúkọ wọn fún un láti inú ìwé mi. Ó ń tún ọ̀kọ̀ọ̀kan pè tẹ̀ lé mi, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń kí wọn. A ka ẹ̀kẹfà tán.

"Ó dára tí o mọ àwọn tó lọ," ló wí.

Mo ní kó kí ọmọ rẹ̀ fún mi. Mo wá bọ́ sẹ́yìnkùlé, mo da iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nù, mo fọ̀ wọ́n, mo sì dojú wọn délẹ̀ kí wọ́n lè gbẹ.