Ẹsẹ̀ Shukurat Lórí Rédíò

Télọ̀ ni Shukurat l'Ágọ̀-Ìwòyè, ṣùgbọ́n rédíò ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ti ṣe ìdánwò òǹkàròyìn lẹ́ẹ̀mejì ní ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan nílùú, wọ́n sì dá a padà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ dára, àmọ́ bí ẹni ń ka Yorùbá ló ṣe ń ka òyìnbó, gbogbo sílébù ló ń gbé lọ́gbọọgba. Ìgbà kẹta ló kù yìí. Nimotalahi ìyá rẹ̀, tí wọ́n jọ ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, ti ní tó bá tún já kulẹ̀, kó gbàgbé rédíò kó gbájú mọ́ abẹ́rẹ́.

Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, Ọ̀gbẹ́ni Zechariah, ló là á lóye lọ́jọ́ tó wá gba ṣòkòtò.

"Shukurat, ibì kan ló máa ń wúwo jù nínú ọ̀rọ̀ òyìnbó. Gbọ́ bí mo ṣe pe "committee": kọ-MÍ-ti. Ìyókù, jẹ́ kó fúyẹ́."

Shukurat wí i títí, kò bọ́ sí i. Inú bí i, ó padà sídìí maṣíìnì, ó ń ránṣọ, ó ń kùn ún lẹ́nu. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe tẹ maṣíìnì mọ́lẹ̀ gidi níbi "mí" nìyẹn. Háà! Ó tún un ṣe. Ẹsẹ̀ rọra lọ, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún rọra. Ohun tí tíṣà ń wí gan-an rèé! Ayọ̀ mú un débi pé ó rán apá bùbá mọ́ ọrùn. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń fẹsẹ̀ ka ìwé ìròyìn, tí ìyá rẹ̀ ń wò ó bí ẹni tí nǹkan ń ṣe.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Shukurat jókòó, kò rí maṣíìnì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń ró kò, kò, kò.

"Kí ló ń ró yẹn?" Adébọ̀wálé, ọ̀gá ibẹ̀, ló bi í.

"Ẹ dákun sà, ẹ jẹ́ n bọ́ bàtà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ ọ, ó ka ìròyìn òyìnbó tí wọ́n fún un láti òkè délẹ̀, ọ̀rọ̀ ń tú jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tó parí, ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ tábìlì.

"Ọjọ́ Ajé, aago méje àárọ̀. Má gbàgbé ẹsẹ̀ rẹ sílé o."

Lọ́jọ́ Ajé, rédíò ń sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Nimotalahi jókòó sídìí maṣíìnì ọmọ rẹ̀, kò sí òwú, kò sí aṣọ níbẹ̀. Kò gbọ́ òyìnbó, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti wúwo lẹ́nu ọmọ rẹ̀, ẹsẹ̀ ìyá tẹ̀ ẹ́.