Ẹni Tí Ọwọ́ Kò Tẹ̀

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ti sú Vernell. Ní gbogbo Sátidé tó bá mú Lamar ọkọ rẹ̀ wá gẹrun ní ṣọ́ọ̀bù Cleophus ní Alabama, àríyànjiyàn kan náà ni: nínú àwọn tó ti gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún yunifásítì, àwọn tó máa ń gbé bọ́ọ̀lù mọ́ àyà sáré, ta ni ọ̀gá?

“Bọ̀ọ̀dá Lamar yìí ni,” Cleophus ní. “Nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, èèyàn mẹ́rin á forí gbá a lórí, á tún dìde, á máa sá lọ. Ta lọ́wọ́ ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rí? Ìyàwó wa, àbí irọ́ ni?”

Lamar ń wo ara rẹ̀ nínú dígí bí ẹni ń wo àlejò; gbogbo orí tó ti fi gbá bọ́ọ̀lù ti ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Vernell nu itọ́ ẹnu rẹ̀, ó pòṣé.

“Ẹ ń rí mi fín. Lánàá ó jáde nílé, kò mọ̀nà ilé mọ́. Mo pè yín lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ bá mi wá a. Gbogbo yín lẹ ní bọ́ọ̀lù lẹ ń wò.””