Ọwọ́ Òsì Lórí Owó Idẹ

Orí kunkun Epafra ń bí mi nínú títí dòní. Ọdún mẹ́rìnlélógún la jọ ṣe ẹrú Késárì nílé tí wọ́n ti ń lu owó ní Róòmù. Òun ló ń fín àwòrán sára òǹtẹ̀ irin, èmi ni mò ń fi òòlù lu òǹtẹ̀ náà mọ́ idẹ. Idì ni o, ọkọ̀ ojú omi ni o, òrìṣà obìnrin tó gbé òṣùwọ̀n dání ni o, kò sí èyí tí kò lè fín. Àmọ́ bá a sọ̀rọ̀, á wò ọ́ bí ẹni ń wo eṣinṣin.

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ń kùn, Késárì ní ká fi ọwọ́ ọ̀tún méjì tó di ara wọn mú sórí owó tuntun, kí wọ́n lè mọ̀ pé àárín òun àti àwọn gún. Albanu, ọ̀gá wa, ṣèlérí fún Epafra pé bí iṣẹ́ yìí bá dára, á di ẹni òmìnira. Kíá ni Novela ìyàwó rẹ̀ ti ran fìlà tí ẹrú ń dé lọ́jọ́ tó bá gbòmìnira.

Bí ọmọ tuntun bá dé ọ̀dọ̀ wa, ohun tá a kọ́kọ́ ń kọ́ ọ ni pé apá ọ̀tún òǹtẹ̀, apá òsì ló ń bọ́ sí lára owó. Epafra jókòó, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ọwọ́ ọ̀tún ìyàwó rẹ̀ mú, ó wò ó dáadáa, ó sì fín in bó ṣe rí i gẹ́lẹ́.

"Tẹ̀ ẹ́ sínú ìda wò ná, ká rí bó ṣe máa jáde lára owó," mo ní.

"Ruso, òòlù ni tìẹ. Ṣé mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń gbé e sókè?"

"Kí ni ìda máa gbà lọ́wọ́ ẹ?"

"Àkókò. Lù ú, jàre."

Mo lù ú. Ẹyọ àkọ́kọ́ já bọ́, mo wò ó: ọwọ́ òsì ni méjèèjì. Ǹ bá dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Mo ní kí èyí tó bàjẹ́ pọ̀ díẹ̀, kí ojú lè ti Epafra, kó lè máa gbọ́ràn. Mò ń lù ú lọ títí Albanu fi wọlé tó sì mú ọ̀kan nílẹ̀.

"Epafra, ọwọ́ òsì lo ní kí Késárì nà sí àwọn tó ní idà lọ́wọ́? Ṣé o fẹ́ pa gbogbo wa ni?"

Wọ́n yọ́ gbogbo rẹ̀. Epafra fín òmíràn, ó dára, àmọ́ Albanu ò mẹ́nu kan òmìnira mọ́. Nígbà òtútù, ikọ́ pa Epafra.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Novela bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i nígbà tí ẹ ń lù ú?"

Mo ní àwa tá à ń lù ú kì í wo ojú owó.

"Ohun tí Epafra náà sọ nìyẹn," ó ní. "Ó ní ká ní ẹ rí i ni, ẹ̀ bá ti sọ fóun."