Ìka Nọ́ọ̀sì Tó Wọ Abẹ́ Eyín Mi

Mo rántí eyín kan tó dá mi lóró nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì ní Peckham, nílùú òyìnbó níbí. Ó wú débi pé bí mo bá la ẹnu, àwọn ará Sydenham, àdúgbò kejì lọ́hùn-ún, ń rí i. Nígbà tí mo wà ní géńdé, eyín yẹn kan náà ni mo fi ń ṣí ìgò mínírà, mo sì fi já wáyà irin rí. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ bi àwọn tó ti kú.

Ìyàwó mi ló wọ́ mi lọ sọ́dọ̀ dókítà eléyín ní Rye Lane. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí ni nọ́ọ̀sì rẹ̀, mọ́sáláṣí kan náà la jọ ń lọ, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tó bímọ ni. Bí dókítà ṣe fa eyín náà tán báyìí, àgbọ̀n mi padé lójijì. Ìka nọ́ọ̀sì ló há sáàárín. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ya, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ẹnu mi pàdé.

Ó rọra ní, "Baba, ẹ ti bite mi."

Dókítà ní òfin iṣẹ́ àwọn ni pé káwọn bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, bóyá àrùn kan wà níbẹ̀ tó lè ran nọ́ọ̀sì. Èmi tí mo já irin yìí, n kò lè wo ẹ̀jẹ̀ ara mi lójú. Mo ní aláàwẹ̀ ni mí, ẹ̀jẹ̀ ò gbọdọ̀ jáde lára mi. Bó bá jẹ́ òfin, kí wọ́n pe ọlọ́pàá wá fipá gbà á. Dókítà ní òfin ìlú yìí ò fipá gba ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni, àfi tí mo bá gbà. Ni mo bá dìde, mo ń wá fìlà mi.

Nọ́ọ̀sì ń fọ ìka lábẹ́ omi. "No wahala, Baba. Ṣùgbọ́n tí a ò bá mọ result yín, wọ́n máa fún mi ní oògùn tó ń dènà àrùn, mi ò sì ní lè fún ọmọ mi lọ́mú. Kì í gba bottle rárá."

Ìyàwó mi ò bá mi jiyàn. Ó kàn pe Àlùfáà wa lórí fóònù, ó ṣí i síta kí gbogbo wa gbọ́.

"Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ fún àyẹ̀wò kì í ba ààwẹ̀ jẹ́, Alhájì. Ẹ nawọ́ yín."

Ìyàwó mi wò mí. "Èyí tó ń ṣàn lẹ́nu yín yẹn ńkọ́? Ṣé òun ò gbọ́ pé ẹ ń gbààwẹ̀ ni?"

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A lọ sí ọsibítù ní Camberwell, mo di ojú, mo ń ké gbogbo súrà tí mo mọ̀, wọn ò sì pọ̀. Kí n tó kà wọ́n tán, wọ́n ti ṣe tán. Nígbà tí èsì dé, ẹ̀jẹ̀ mi mọ́ lóló. Ọmọ náà ń mu ọmú rẹ̀ lọ.

Lónìí, bí mo bá ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ọlọ́pàá Bermondsey ló kó ajá wá mú mi, abẹ́rẹ́ sì kán sí mi lápá. Ìyàwó mi á kàn wúkọ́. Níbi ìṣínu tọdún yìí, ọmọ nọ́ọ̀sì yẹn sáré wá bá mi, mo na dàbínù tí a fi ń ṣínu sí i. Mo ń wo eyín wẹẹrẹ tí ọmú ìyá rẹ̀ gbìn sí i lẹ́nu, ọkàn mi tutù pẹ̀sẹ̀.

"Má bite Baba o," ni ìyá rẹ̀ wí.

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo tètè fa ìka mi.